Ẹ̀kọ Tó Là Lára Aṣọ

Òjò ni mo kọ́kọ́ bá jà ní Dublin kí n tó wá bá ìyá mi jà. Òjò náà kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń bá òun jà. Ó ń rọ̀ láàárọ̀, ó ń rọ̀ lọ́sàn-án, bí kò bá sì rọ̀, ojú ọ̀run á máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ẹ̀yìnkùlé kékeré kan wà ní ilé tí a háyà ní Mulhuddart, wọ́n na okùn ìsáṣọ sí i, títí di òní n kò mọ ohun tí wọ́n rò pé a máa fi okùn yẹn ṣe. Ọdún 2004 nìyẹn. Gbogbo ìlú ń kọ́lé, kíréènì pọ̀ lójú ọ̀run ju ẹyẹ lọ, àwọn èèyàn ń ra ilé bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Èmi dúró lójú wíńdò pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, mò ń ṣépè fún òjò.

Rafiat lorúkọ mi. Aládìrẹ ni mí. Aládìrẹ ni ìyá mi, aládìrẹ ni ìyá tó bí i, ní Kẹ́mta, ní Abẹ́òkúta. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni tiwa. A máa ń ro láfún pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù lórí iná títí yóò fi di ẹ̀kọ, a ó fi ìyẹ́ adìẹ ya á sára aṣọ funfun, a ó sá a sóòrùn kí ẹ̀kọ náà gbẹ kó sì le, a ó wá ri aṣọ bọ aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Bí a bá ha ẹ̀kọ kúrò, ohun tí a yà á yọ ní funfun láàrin búlúù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún mẹ́wàá ni mo sì fi kọ́ ọ.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá máa ń yà. Ẹyẹlé Wọlé ni wọ́n ń pè é: ojúlé mẹ́rìnlélógún, ẹyẹlé kan lẹ́nu ọ̀nà ojúlé kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn kọjú sílé. Ìyá rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́. Ìlà rẹ̀ máa ń gún débi pé àwọn oníbàárà ń bi í bóyá ó fi rúlà fà á ni. Bí aró bá jò wọ abẹ́ ẹ̀kọ níbi kan péré, níbi tí kò tó orí abẹ́rẹ́, Màmá kò ní ta aṣọ náà. Á ní kí n gé e, kí n máa fi nu ilẹ̀. A nu ilẹ̀ wa dáadáa nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, nítorí èmi ni mò ń ba aṣọ jẹ́ jù.

Dísù, ọkọ mi, ló kọ́kọ́ wá sí Ireland. Ìwé ìgbélùú tirẹ̀ ti jáde, ó sì ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú lẹ́bàá Swords. Nígbà tí èmi àti Kamilah ọmọ wa dé bá a ní 2002, wọ́n gba ìwé tèmi wọlé, wọ́n ní kí n máa retí. Mo retí títí ó sú mi. Ẹni tó ń retí ìwé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, bó bá sì jáde kúrò nílùú, kò lè padà wọlé mọ́. Mo ń dáná, mo ń fọṣọ, mo ń mú ọmọ lọ sílé-ìwé, mo ń mú un bọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo rí láfún ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà kan ní Moore Street. Bí mo ṣe rí láfún yẹn, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Lóṣù kẹfà ọdún 2004, mo ya Ẹyẹlé Wọlé sára aṣọ ọ̀pá méjì. Orí tábìlì oúnjẹ ni mo ti yà á, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, Dísù àti Kamilah ń gbé àwo jẹun lórí itan. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Màmá, kó lè mọ̀ pé ọmọ òun kò tíì sọ iṣẹ́ nù. Mo parí rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé náà. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ẹ̀kọ ṣì rọ̀ lára aṣọ, ó ti ń rùn, nǹkan bí èébu ti ń hù sí i létí.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Ireland mọ họ́ọ̀tì prẹ́sì. Kọ́bọ́ọ̀dù ni, ó sábà máa ń wà lókè àtẹ̀gùn, táńkì omi gbígbóná ló wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tò tówẹ̀lì àti ìbọ̀sẹ̀ sí kó lè gbẹ, kó sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo ti máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé oòrùn tí Ọlọ́run fún wọn, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tì í mọ́. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, pẹ̀lú ìbínú, mo kó gbogbo tówẹ̀lì dà sílẹ̀, mo tẹ́ aṣọ mi sórí pákó lókè táńkì náà, mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ mú Kamilah nílé-ìwé.

Nígbà tí a padà dé, ẹ̀kọ ti gbẹ. Ó ti gbẹ jù. Ó ti là láti òkè délẹ̀, bí ilẹ̀ àbàtà ṣe máa ń là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí ẹyẹlé tí kò là lórí, kò sí ojúlé tí kò là lógiri. Oòrùn Abẹ́òkúta kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń gbẹ ẹ̀kọ, atẹ́gùn á sì máa bá a fẹ́ ẹ. Họ́ọ̀tì prẹ́sì kò ní irú sùúrù yẹn.

Ó yẹ kí n fọ ẹ̀kọ náà dànù kí n tún aṣọ yà. Ohun tí Màmá ìbá ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, mo sì ti po aró sínú báàfù tí Kamilah fi ń wẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ dé. Mo ri aṣọ náà bọ̀ ọ́ tìbínú-tìbínú. Nígbà tí mo ha ẹ̀kọ kúrò, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwẹ̀, mo bú sẹ́kún. Aró ti gba gbogbo ibi tó là wọlé. Ìlà búlúù tín-ín-tìn-ìn-tín, kò lóǹkà, ti gba orí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá bí ìgbà tí ọmọdé fi bíírò ya ìwé ẹni.

Kamilah, ọmọ ọdún mẹ́jọ, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ Yorùbá tinú-tòde, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé rẹ̀ ló fi ń dá wa lóhùn, Gẹ̀ẹ́sì tí "grand" ti túmọ̀ sí "ó dáa".

"Ma, why are you crying? It's only a bit cracked. It's grand."

"Ta ló ní grand? Jáde lójú mi níbẹ̀ yẹn!"

Kò jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan aṣọ náà. "Look, there's a tree in it."

N kò fẹ́ wò, ṣùgbọ́n mo wò. Igi wà níbẹ̀ lóòótọ́, igi tí kò ní ewé, irú èyí tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wa bí òtútù bá dé, ẹ̀ka rẹ̀ ń yà, ó tún ń yà. Ẹyẹlé kẹsàn-án bà lórí rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń ya ẹyẹlé yẹn, n kò rí i rí kó bà lé nǹkan kan, ẹnu ọ̀nà nìkan ló mọ̀. Mo nu ojú mi, mo gbé aṣọ náà dé ojú wíńdò. Lápá òsì, ìlà mẹ́ta pàdé, wọ́n di ẹ̀yìn ìyá arúgbó kan tó tẹ̀. Nísàlẹ̀, odò kan gba abẹ́ ojúlé mẹ́ta lọ. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù bà mí, nítorí mo mọ ohun tí Màmá máa sọ.

Bí iṣẹ́ mi ṣe yí padà nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, mo ti mọ ohun tí mo máa yà kí n tó mú ìyẹ́. Ní báyìí, mo ń fi ẹ̀kọ bo aṣọ funfun pátá láìya ohunkóhun, mo ń tì í mọ́ họ́ọ̀tì prẹ́sì, mo ń jẹ́ kó là bó bá ṣe wù ú. Mo ń rì í bọ aró tó fẹ́lẹ́, mo ń ha á, mo ń so ó kọ́ ara ògiri pálọ̀, mo wá ń wò ó. Mo lè wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń wò ó bí mo bá ń din ẹyin, mo ń wò ó bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ń dorí rẹ̀ kodò, mo ń wò ó. Ohun tí mo bá rí nínú rẹ̀ ni mo máa fi ẹ̀kọ bò, kí n tó tún un rì bọ aró tó ki, kí ohun náà lè yọ dáadáa. Nígbà mìíràn, n kò ní rí nǹkan kan. Nígbà mìíràn, mo fẹ́ rí ẹṣin tipátipá, mo ya ẹṣin, aṣọ náà á bàjẹ́. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé kì í ṣe èmi nìkan ni mò ń ṣe iṣẹ́ náà.

Dísù ní àwọn tí àwọn jọ ń kó ẹrù ń bi òun pé kí ló dé tí aṣọ òun fi ń rùn bí láfún. Mo ní kó sọ fún wọn pé lọ́fínńdà tuntun ni.

Obìnrin ará Ireland kan tó ń jẹ́ Gráinne ló ń kọ́ wa ní ìránṣọ ní gbọ̀ngàn àdúgbò, lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ó ga, ó lẹ́nu, ó sì máa ń gbàgbé tíì rẹ̀ títí á fi tutù. Mo tẹ́ aṣọ mẹ́ta síwájú rẹ̀. Ó gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ọ̀kan súnmọ́ ojú.

"Rafiat, how in God's name did you get the cloth to do that?"

"Hot press," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Ó ní òun mọ àwọn kan tó ń ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà láàrin ìlú lóṣù kọkànlá, kí n ṣe aṣọ méjìlá, òun máa rí i pé wọ́n gbé e kọ́. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì tí ẹnì kan ní ìlú yẹn máa ní kí n ṣe nǹkan, yàtọ̀ sí kí n máa retí.

Aṣọ àkọ́kọ́ yẹn gan-an, èyí tí ẹyẹlé bà lórí igi nínú rẹ̀, ni mo fi rán Husainat sí Màmá lóṣù kẹsàn-án. A jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí ni. Ó ń lọ sílé lọ bá àbúrò rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun, oṣù mẹ́ta ló fẹ́ lò níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé aṣọ ti dé, mo ra káàdì ìpè, mo pe Màmá.

"Ẹ káàsán mà. Ṣé ẹ ti rí aṣọ?"

"Mo rí i. Rafiatu, kí ló ṣe é?"

"Kò sí ohun tó ṣe é, Màmá. Bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn."

"O fẹ́ kó là bíi gìgísẹ̀ alágbàṣe? Ẹyẹlé ìyá mi ló wá dúró sórí igi gbígbẹ yìí? Ta ló ní kó má wọlé mọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e síta, kí ẹ wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó. Ojú mi ò tíì fọ́. Ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ kọ́ ló ṣe èyí. Bí wọ́n bá bi ọ́ lọ́hùn-ún, má sọ pé èmi ni mo kọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ẹni tí mo jókòó tì fún ọdún mẹ́wàá! Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Màmá, láti ogójì ọdún, ẹyẹlé kan náà lẹ̀ ń yà. Ẹ ò rí nǹkan tuntun rí, ẹ ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn rí i." Mo gé fóònù mọ́ ìyá mi lẹ́nu. N kò lè sọ pé káàdì ló tán. Ogún ìṣẹ́jú ṣì wà lórí káàdì yẹn.

Ẹni tó bá ní ẹbí nílé mọ fláàṣì. Ẹni tó wà nílé á pè ọ́, á jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, á gé e, ìwọ tó wà lókè òkun lo máa pè é padà. Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìjà wa, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fláàṣì mi. Lẹ́yìn ìrun Aláàsárì ni, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, bí ẹni ń lo oògùn. Fóònù máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ìyẹ́ máa ń wà lọ́wọ́ mi. Á dún, á dákẹ́. Á tún dún, á dákẹ́. Mo ní èébú tí kò rí bú tán ló fẹ́ wá parí. Mo ní ẹ jẹ́ kí ìpàtẹ kọjá ná, kí n ní ẹnu tí mo máa fi dá a lóhùn. Mo tiẹ̀ ti to ọ̀rọ̀ náà sínú: Màmá, àwọn èèyàn múra wá láti òkèèrè wá wo aṣọ tí ẹ ní ẹ ò kọ́ mi.

Ààwẹ̀ wọlé. Mo gba ààwẹ̀ tán láìpe ìyá mi. Mo ń jí ṣe sààrì, mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ń jẹ́ kí fóònù ìyá mi dún kó sì dákẹ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí. Lọ́jọ́ Ìtúnu, mo ní kí Dísù bá mi kí i. Ó pè é láti inú yàrá, ó sọ fún un pé mo jáde. Nígbà tó padà wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Ó ní kí o pe òun. Ó ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni."

"Ṣebí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ló fi bú mi."

"Rafiat, ìyá ẹ ni o."

"Mo mọ ìyá mi," ni mo wí, mo ń ro ẹ̀kọ lọ.

Ìpàtẹ ku ọjọ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ Túsìdeè, fóònù kò dún lẹ́yìn ìrun. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, kò dún. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo ní ó ti rẹ ìyá yìí. Lọ́jọ́bọ̀, mo ń lọ aṣọ kejìlá nírin, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, orúkọ Màmá sì ni. Mo dúró kó gé. Kò gé. Ó ń dún, ó ń dún, irin wà lọ́wọ́ mi, n kò lè gbé e sílẹ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù, Mọ́pẹ́, àbúrò mi, ló sọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ káàsán mà. Ṣé Bọ̀dá Dísù wà nítòsí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé fóònù fún wọn."

Ẹni tó bá ní kí n gbé fóònù fún ọkọ mi ti sọ ọ́ tán. Mo gbé e fún Dísù, mo sì wo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Màmá ti ṣubú lọ́jọ́ Túsìdeè, lórí àpótí tó máa ń jókòó sí yàwòrán, òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló kú. Wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó pè mí, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Mo ní mò ń lọ sílé. Dísù di ọwọ́ mi méjèèjì mú, kò sọ pé ìwé mi kò tíì jáde, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ nínú ilé yẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbé aṣọ méjìlá mi kọ́. Mo lọ nítorí n kò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ. Gráinne wá bá mi, ó gba ọwọ́ mi mú, ó ní, "I'm sorry for your trouble, love," bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn dúró síwájú aṣọ, wọ́n ń nàka, ẹnì kan rí ọkọ̀ ojú omi, ẹnì kan rí ọwọ́ ìyá rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ nìyẹn láti oṣù mẹ́fà. Mo wò wọ́n, n kò ní ẹni tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún.

Oṣù Kejìlá ni Husainat dé. Ó wá kí mi kú ọ̀ràn ènìyàn, ó sunkún díẹ̀, ó wá yọ ẹrù kan tí wọ́n fi nylon dúdú dì.

"Mọ́pẹ́ ní kí n fún ẹ. Ó ní omi ò gbọdọ̀ kàn án. Orí itan ni mo gbé e sí nínú ọkọ̀ òfurufú."

Mo dúró kó lọ tán kí n tó tú u. Aṣọ funfun ni, ẹ̀kọ ṣì wà lára rẹ̀, kò tíì wọ aró. Ẹyẹlé Wọlé ni, ojúlé mẹ́rìnlélógún, ìlà tó gún bí rúlà. Ọwọ́ Màmá ni, n kò lè ṣì í mọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lára ẹ̀kọ náà. Mo gbé e súnmọ́ iná. Wọ́n ti fi nǹkan ṣóńṣó ha á wẹ́wẹ́, ìlà tín-ín-rín lórí ìlà tín-ín-rín, ó ń yà, ó tún ń yà, lórí gbogbo ẹyẹlé, lára gbogbo ògiri. Mo ra káàdì, mo pe Mọ́pẹ́.

"Kí ni Màmá ṣe sí aṣọ yìí?"

"Tiyín ló ń fi ṣe àwòṣe, Àǹtí mi. Ó gbé e kọ́ sójú bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bó bá ti wò ó, á pòṣé. Nígbà tó yá, ó ní igi yẹn dára. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ya ẹyẹlé wọlé, òun ò ronú ẹ̀ rí pé ó máa ń sinmi níbì kan kó tó délé."

Mo tún wo aṣọ tó wà lórí itan mi.

"Ó wá fẹ́ kí ẹ̀kọ tiẹ̀ náà là. Ó sá a sóòrùn, kò là. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná, ó jóná. Ó tẹ́ ẹ sórí páànù, gbogbo ẹ̀kọ bọ́ sílẹ̀. Aṣọ mẹ́rin ló bà jẹ́."

"Màmá? Màmá ló ba aṣọ mẹ́rin jẹ́?"

"Mẹ́rin mà. Ó ń fi wọ́n nu ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa bi yín ohun tí ẹ fi ń là á. Mo ní kí n bá a bi yín, ó ní rárá o. Ó ní òun lòun fẹ́ kọ́ṣẹ́, òun lòun máa bẹ ọ̀gá òun fúnra òun. Nígbà tí ẹ ò pè padà, ó mú abẹ́rẹ́. Ó ń ha á níkọ̀ọ̀kan. Ìdí ẹ̀ ló wà lọ́jọ́ tó ṣubú."

Ọ̀gá òun. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwẹ̀, níbi tí mo ti jókòó lóṣù kẹfà. Ohun tó ń bi mí láti bí oṣù méjì, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo ti sọ ọ́ fún Gráinne kí tíì rẹ̀ tó tutù. Mo sọ ọ́ sókè nínú ilé ìwẹ̀ yẹn: "Họ́ọ̀tì prẹ́sì ni, Màmá. Inú họ́ọ̀tì prẹ́sì ni mò ń gbé e sí." Kamilah gbọ́ ohùn mi, ó wá, ó jókòó tì mí. Kò sọ pé grand.

N kò fẹ́ kan aṣọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tí kò bá wọ aró kò lè pẹ́ lára aṣọ. Ó ti ń wó sílẹ̀ ní ìyẹ̀fun lórí ẹsẹ̀ mi, ibi tí wọ́n ti ká a nínú ẹrù sì ti là fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà. Bí mo bá ń tọ́jú rẹ̀, mi ò ní í pẹ́ di ẹni tó ń tọ́jú aṣọ funfun lásán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo po aró, mo po ó ki, mo ṣe Bísímílà, mo ri aṣọ ìyá mi bọ̀ ọ́. Mo dúró tì í. Nígbà tó gbẹ, ìka ni mo fi ha ẹ̀kọ kúrò, n kò lo ọ̀bẹ.

Mo gbé e kọ́ ara ògiri, mo wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta bí mo ṣe máa ń ṣe. Ìlà abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ìlà tí ọ̀nà jíjìn là sí i náà wà níbẹ̀, búlúù kan náà. Níbi púpọ̀, n kò lè sọ èyí tó jẹ́ ti ọwọ́ Màmá. Ṣùgbọ́n ojúlé tó kẹ́yìn kò lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣófo. Màmá ti fi abẹ́rẹ́ ha igi kan síwájú ilé náà, igi tí kò ní ewé, irú èyí tí kò rí rí láyé rẹ̀ àfi lára aṣọ mi. Ó gbé ẹyẹlé ìyá rẹ̀ lé e lórí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo kírun Aláàsárì. Mọ́pẹ́ ti sọ pé òun ṣì ń ṣáàjì fóònù Màmá, pé òun kò lè pa á. Mo mú fóònù mi, mo pe nọ́ńbà náà, mo jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, mo gé e. Mo tún pè é, mo tún gé e. Mo wá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, mo jókòó tì í.